Ohùn Ọkọ Mi Ló Ní Kí Màmá Má Lo Oògùn Mọ́

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi. Oṣù méje rèé tí mo ti ń jẹ́ kí ọkọ mi tó ti kú máa bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kì í ṣe àlá, kì í ṣe iwin, èmi gan-an ni mò ń ṣe é, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ṣe é, ẹnì kan ṣoṣo ló sì mọ̀ nínú ẹbí. Ní báyìí ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́... ohùn tí mo fi ń tu Màmá nínú ti sọ ohun kan tí mi ò lè dá padà, ẹ̀mí Màmá sì fẹ́ bá a lọ. Tí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kà á dé ìsàlẹ̀, torí ọjọ́ Jímọ̀ ni gbèdéke tí Màmá dá, òní sì ti di Ọjọ́rú.

Amukoko ni mo ń gbé pẹ̀lú ìyá ọkọ mi àti ọmọ mi obìnrin, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Rófíà, nínú ilé kan tí ọ̀pọ̀ yàrá kọjú síra wọn, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn tí ó sì ṣókùnkùn. Aṣọ iléèwé ni mò ń rán. Ẹnu ọ̀nà yàrá wa gan-an ni ẹ̀rọ mi wà, kí n lè máa gbọ́ tí Màmá bá pè. Màmá ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, ojú wọn ò ríran mọ́ àfi òjìji, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti wà lára wọn tipẹ́. Nígbà tí wọ́n wà lágbára, àpò ni wọ́n ń rán ní àwọn ilé ìkẹ́rùsí tó wà ní Warehouse Road, àwọn àpò ìdọ̀họ tó bá ti ya, wọ́n á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ gígùn, wọ́n á máa lẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣe é. Ìka yẹn ló di ojú fún wọn báyìí. Wọ́n á fọwọ́ kan aṣọ, wọ́n á sọ irú aṣọ tó jẹ́ fún ẹ. Wọ́n á fi àtàǹpàkò yí hóró oògùn po, wọ́n á mọ èyí tó jẹ́, kò sí pé o máa fi ọ̀kan rọ́pò òmíràn fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọkọ mi, iṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi tó ń pẹja ló ń ṣe, Apapa ni wọ́n ti máa ń gbéra. Ó lè lọ fún oṣù méjì, ó lè lọ fún mẹ́ta. Ìgbà tí ọkọ̀ wọn bá sún mọ́ ibi tí network wà ló máa ń fi voice note ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ó máa ṣàdúrà, ó máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó máa sọ irú ẹja tí wọ́n rí, Màmá á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Òun ló ra fóònù fún wọn. Ó lẹ pílásítà kékeré kan mọ́ etí fóònù náà, níbi tí àtàǹpàkò wọn máa dé, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa tẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ fi ohùn tiwọn ránṣẹ́ padà. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin bàbá Màmá ni wọ́n bí ọkọ mi, torí náà "Bàbá mi" ni wọ́n ń pè é láti kékeré. Mùsùlùmí ni wọ́n, ẹnu wọn ò ní sọ ọ́ pé bàbá àwọn ló padà wá, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí i nìyẹn. Dókítà lè sọ̀rọ̀, àáfà lè sọ̀rọ̀, èmi lè kúnlẹ̀ títí orúnkún mi á fi bó, tí Bàbá mi ò bá tíì sọ̀rọ̀, a ò tíì sọ nǹkan kan. Tí òun bá ti sọ ọ́, abẹ gé e.

Ojú omi ló ti ṣàìsàn. Kí wọ́n tó gbé e dé èbúté tó sún mọ́ wọn, ó ti le, ọjọ́ kejì ló kú, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n sì sin ín síbẹ̀ ní ìlànà Mùsùlùmí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń wa tírélà, kí n máa pè é ní Kásíìmù, òun ló lọ síbẹ̀. Èmi ò rí ojú ọkọ mi. Ẹbí pe ìpàdé sílé ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní Ijora Badia, Àǹtí ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ẹ mọ bí àwa ṣe ń ṣe é níbí, a kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá arúgbó. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, ta ló fẹ́ lọ dúró níwájú ìyá tó ti fọ́jú, tí BP rẹ̀ ga, kó ní ọmọ tí ó yẹ kó sin ín ti lọ ṣáájú? Kí wọ́n tó mu omi tí wọ́n gbé fún wọn tán, wọ́n ti fẹnu kò. Màmá ò gbọdọ̀ gbọ́. Ọmọ wọn ṣì wà lójú omi. Wọ́n ní èmi tí mò ń gbé pẹ̀lú wọn ni kí n máa bójú tó o. Wọ́n wọ bàtà wọn, kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Mo ṣe opó nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ìyá olóògbé, ìyá olóògbé ò mọ̀. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Màmá ò rí aṣọ dúdú lọ́rùn mi, àmọ́ ọjọ́ kan wọ́n di aṣọ mi mú, wọ́n béèrè pé kí ló dé tó jẹ́ aṣọ kan náà ló ń kan ọwọ́ àwọn látọjọ́ yìí, mo ní aṣọ iṣẹ́ ni. Gbogbo ará ilé ló mọ̀, gbogbo wọn ló pa á mọ́, títí kan ọmọ mi tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Tí ẹkún bá ti ń bọ̀, mo máa sáré jókòó sídìí ẹ̀rọ mi, màá máa wà á lófìfo, láìsí aṣọ lábẹ́ rẹ̀, kí ariwo rẹ̀ lè bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Mo rò pé ó ń bò ó.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Kí ló dé tí Bàbá mi ò fi ohùn ránṣẹ́? Ṣé kò sí network ni? Ṣé ó ń bínú ni? Wọ́n dá oúnjẹ dúró. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n ò jẹun, wọn ò lè dìde kírun. Mo mú fóònù wọn, mo sún un lọ sókè sọ́dọ̀ àwọn voice note tó ti pẹ́, mo tẹ ọ̀kan. Ohùn ọkọ mi jáde. Ó ń kí ìyá rẹ̀, ó ń pè wọ́n ní ọlọ́wọ́ abẹ́rẹ́ bó ṣe máa ń pè wọ́n. Mo fẹ́ ju fóònù náà nù... àmọ́ Màmá jókòó dáadáa, wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n ní kí n gbé ẹ̀bà wá. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa tún un ṣe lọ́la?

Bó ṣe di nǹkan ojoojúmọ́ nìyẹn. Mo fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo wọn, mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Mo kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé ọmọ mi, èyí tí mo lè play àti èyí tí mi ò lè play. Èyí tó bá ti mẹ́nu ba Iléyá, mo fagi lé e. Èyí tó bá ti sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun ń bọ̀ nílé, mo fagi lé e. Mẹ́tàlélógún ló ṣẹ́kù. Màmá ò lè rí déètì tó wà lára wọn, tuntun ni gbogbo ẹ̀ lójú wọn. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ tán, wọ́n á wá pílásítà yẹn kàn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fèsì. Inú fóònù ọkọ mi ni èsì náà ń lọ. Kásíìmù kó o wá pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ mi ló wà, mo máa ń fi iná sí i kó má bàa kú, ẹ má bi mí pé kí nìdí. Mi ò ṣí èsì Màmá gbọ́ rí nínú rẹ̀, tí wọ́n bá sì ń sọ ọ́, mo sábà máa ń jáde. Mi ò lè gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n sì jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ pọ̀, kì í ṣe nítorí Màmá nìkan ni mo ṣe ń play wọn. Màá jókòó sẹ́sẹ̀ wọn, màá gbé orí lé orúnkún, Màmá ń gbọ́ ọmọ wọn, èmi náà ń gbọ́ ọkọ mi.

Ó wá di oṣù tó kọjá, lọ́jọ́ tí òjò ńlá rọ̀ lọ́sàn-án. Ẹni tó bá mọ Amukoko mọ ohun tí òjò ń ṣe níbí. Mo ti tẹ voice note kan tí ọkọ mi ti ń sọ̀rọ̀ ẹja ńlá kan tó já àwọ̀n wọn. Fóònù yìí, tí ọ̀kan bá parí, èyí tó tẹ̀ lé e á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, mo mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọwọ́ mi ló máa ń wà, màá ti dá a dúró. Omi wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aṣọ iléèwé méjìlá wà nínú báàgì nílẹ̀ẹ́lẹ̀, èyí tí mo gbọ́dọ̀ kó fún olówó ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo fi fóònù sílẹ̀ lọ́wọ́ Màmá, mo sáré. Mo wà nínú omi pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ pé ohùn ọkọ mi ò tíì dákẹ́.

Èyí tó ń sọ̀rọ̀ yẹn ti lé ní ọdún méjì. Nígbà yẹn, oògùn BP kan wà tó ń mú ẹsẹ̀ Màmá wú, dókítà ti ní kí wọ́n jáwọ́, Màmá ò gbà, wọ́n ní oògùn yẹn ló bá àwọn lára mu. Ọkọ mi wá pariwo mọ́ wọn látojú omi. Ó ní Màmá, hóró róbótó kékeré yẹn tó nílà láàárín, ẹ fi sílẹ̀, ó ń ba ara yín jẹ́. Ó ní tí dókítà bá gbé e wá, ẹ má lò ó. Ó ní tí ìyàwó mi bá kúnlẹ̀ bẹ̀ yín, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní ẹ dúró títí màá fi dé, ọwọ́ ara mi ni màá fi gbé oògùn lé yín lọ́wọ́. Mo dúró sójú kan nínú omi. Ó ti parí kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n bi mí bóyá mo gbọ́ ohun tí ọkọ mi wí.

Oògùn tí wọ́n ń lò báyìí, tó dáa, tó ti mú ara wọn balẹ̀ láti ọdún méjì, òun náà kéré, òun náà rí róbótó, òun náà nílà láàárín. Mo ṣàlàyé títí. Wọ́n fi ìka yí i po, wọ́n ní òun náà ni. Mo wá voice note kan jáde níbi tí ọkọ mi ti ń béèrè pé Màmá, ṣé ẹ ti lo oògùn yín lónìí, mo rò pé ìyẹn máa yanjú ẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Bàbá àwọn ń dán àwọn wò ni, wọ́n tẹ pílásítà, wọ́n fèsì pé rárá, àwọn ò fọwọ́ kàn án láti ìgbà tó ti sọ ọ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Tó bá jẹ́ alààyè ló sọ ọ́, mi ò bá pè é kó wá kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Òkú ló sọ ọ́. Ta ló máa bá mi bẹ òkú kó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà?

Mo wá ṣe èyí tó burú jù. Mo lọ oògùn náà kúnná, mo pò ó mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná, mo da ṣúgà sí i. Màmá fẹnu kàn án, wọ́n dúró. Wọn ò pariwo. Wọ́n ti ìka bọ inú kọ́ọ̀bù náà, wọ́n fi ìka méjì ra á, wọ́n gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n ní mo ṣeun. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò jẹ nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́. Búrẹ́dì tó wà nínú ọ̀rá, ọsàn tí wọ́n fọwọ́ ara wọn bó, ẹyin sísè tí Mama Efe tó ń gbé yàrá kejì bá gbé wá, tí wọ́n á fúnra wọn fọ́ èèpo rẹ̀... ìyẹn ni wọ́n ń jẹ. Mama Efe ló dúró sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó rọra sọ fún mi pé, "Mama Rófíà, people don dey talk o. Abeg, tell that woman true." 

Ọ̀rọ̀ dé etí Àǹtí ní Badia. Àwọn náà wá, wọ́n jókòó ti ìyá wọn, Màmá wá sọ fún wọn ní tààrà pé Bàbá mi bá àwọn sọ̀rọ̀, ó ní kí àwọn má gba nǹkan kan lọ́wọ́ ìyàwó òun títí òun á fi dé. Ẹ gbọ́ o. Àǹtí ò mọ̀ nípa voice note kankan. Ohun tí Àǹtí mọ̀ ni pé ó ti lé ní oṣù méje tí àbúrò àwọn ti wà nínú ilẹ̀. Mo rí ojú wọn bó ṣe yí padà. Wọ́n wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìgbà tí mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé òkú kì í déédéé jí kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀, kí n má jẹ́ kí ẹni kejì kú sí mi lọ́wọ́. Kí ni kí n sọ? Tí mo bá ní voice note ni, wọ́n á ní èmi ni mò ń fi ohùn olóògbé ṣeré, ta ló ń ṣe irú ẹ̀ tí kì í ṣe àjẹ́? Tí mo bá dákẹ́, á jẹ́ pé òótọ́ ni òkú fúnra ẹ̀ wá láti kìlọ̀ nípa mi, èmi ni mo pa á. Èwo ni kí n mú níbẹ̀? Mo dákẹ́. Mo ṣì ń dákẹ́ títí di òní.

A gbé Màmá lọ sí ilé ìlera, Màmá gbà pé kí wọ́n wọn BP nìkan. Nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó tún lọ mú ẹ̀rọ mìíràn wá. Ó ní tí obìnrin yìí ò bá padà sídìí oògùn kíákíá, rọpárọsẹ̀ ló ń bọ̀ yẹn. Dókítà pàrọ̀ oògùn náà sí òmíràn tó gùn, tí kò jọ ti tẹ́lẹ̀ rárá. Màmá ní kò sí èyí tí àwọn máa lò nínú gbogbo ẹ̀, ọmọ àwọn ní títí òun á fi dé, ẹni tó bá sì fi tipátipá fún àwọn lábẹ́rẹ́, àwọn ò ní foríjì í láyé àti lọ́run. Àǹtí ní kò sẹ́ni tó máa fi ipá mú ìyá àwọn. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá nǹkan kan wà tó yẹ kí òun mọ̀. Àǹtí jókòó tì mí pẹ́kípẹ́kí. Mo ní kò sí. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo lè sọ ọ́ níbẹ̀, mo lè sọ pé kí nọ́ọ̀sì jọ̀ọ́ wá síta, ẹ̀rù ara mi ló bà mí ju ẹ̀rù Màmá lọ. Ibẹ̀ ló ń dùn mí jù.

Láti Sátidé ni kọ́ọ̀bù ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Tí wọ́n bá ń rìn, sálúbàtà ń yọ lẹ́sẹ̀ wọn, wọn ò mọ̀. Tí wọ́n bá jí láàárọ̀, ọ̀rọ̀ wọn máa ń fà díẹ̀ kó tó já gaara.

Ọjọ́ Àìkú, mo lọ bá Kásíìmù ní Warehouse Road níbi tí àwọn tírélà tò sí. Òun lẹni kan ṣoṣo tó mọ̀. Ohùn rẹ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ẹ bá gbọ́ ọ lórí fóònù, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi sọ gbólóhùn kan péré, kó ní Màmá, ẹ gba oògùn lọ́wọ́ ìyàwó mi, èyí yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ó kọ̀, ó ní irú eré wo nìyẹn, mo sunkún, ó gbà. Ó pa ẹ́ńjìnnì, a yí gíláàsì sókè. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín pa á. Ìkejì, ohùn rẹ̀ já. Ìkẹta... ọkọ mi ló sọ̀rọ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ fún yín. Ó pe Màmá ní ọlọ́wọ́ abẹ́rẹ́, èmi ò sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe parí ẹ̀, ó yí wo bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́yìn ìjókòó dírẹ́bà, ó bi mí bóyá mo gbọ́ tí ẹnì kan mí níbẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń rìn lọ láàárín àwọn tírélà láìwẹ̀yìn. Láti ọjọ́ yẹn, kò gbé ìpè mi.

Ohùn náà ti wà lọ́wọ́ mi. Kó lè dà bíi pé lọ́dọ̀ ọkọ mi ló ti wá, inú fóònù ọkọ mi ló gbọ́dọ̀ ti jáde. Àárọ̀ àná ni mo mú un nínú dúrọ́ọ̀, mo ṣí i. Ibẹ̀ ni mo ti rí gbogbo ohun tí Màmá ti ń fi ránṣẹ́ láti oṣù méje, ó pọ̀ lọ bẹẹrẹ, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni ṣí gbọ́ nínú wọn. Mo ní kí n gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn nìkan kí n tó fi ti Kásíìmù ránṣẹ́. Àárọ̀ Ajé ni wọ́n sọ ọ́. Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá, màá kọ ọ́ síbí bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

"Bàbá mi, èmi ìyá rẹ ni. Mo dàgbà ni, mi ò ya dìndìnrìn. Mo ń gbọ́ ìyàwó rẹ tó bá ń sunkún. Ẹ̀rọ tí kò sí aṣọ lábẹ́ ẹ̀, dídún ẹ̀ yàtọ̀, èmi náà ti ránṣọ rí. Mi ò bi í, kó má bàa purọ́ fún mi. Ìwọ ni mo bi. Ìgbà tí ara rẹ gbóná ní kékeré, tí mo gbé ọ pamọ́ sáàárín àpò kí ọ̀gá wa má bàa rí ọ, orúkọ kan wà tí mò ń pè ọ́ kí o má bàa ké. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n àfi èmi àti ìwọ. Tí o bá wà láàyè, dá orúkọ yẹn fún mi kí wọ́n tó kírun Jímọ̀. Tí mi ò bá gbọ́ ọ, á jẹ́ pé ibi tí o wà ni o ti fẹ́ fi oògùn lé mi lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí o fi ní kí n fi ti ayé sílẹ̀. Mo ti gbọ́. Mo ń bọ̀."

Mo ti padà sídìí gbogbo voice note mọ́kànlélọ́gọ́ta náà láti àná, àtàwọn tí mo fagi lé, mò ń wá orúkọ yẹn. Kò pe orúkọ náà níbì kankan. Kásíìmù ò mọ̀ ọ́n, wọn ò tíì bí i nígbà yẹn. Ti Kásíìmù yìí ṣì wà níbí, mi ò tíì fi ránṣẹ́. Tí mo bá fi ránṣẹ́ láìsí orúkọ nínú ẹ̀, Màmá máa mọ̀ pé ayédèrú ni, wọ́n sì máa mọ̀ pé kì í ṣe òun ló ń bá àwọn sọ̀rọ̀ láti oṣù méje. Tí mo bá kúnlẹ̀ tí mo sọ òótọ́, ṣé ara wọn lè gbà á pẹ̀lú bí BP yẹn ṣe wà? Tí ọ̀rọ̀ yẹn bá gbé wọn ṣubú níwájú mi ńkọ́, kí ni màá sọ fún Àǹtí? Àbí wọ́n ti mọ̀, tí ẹnu mi nìkan ni wọ́n ń dúró dè? Tí mo bá sì dákẹ́, Jímọ̀ ń bọ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a, tèmi ò tiẹ̀ tíì pé ọdún kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú arúgbó rí, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà lórí page yìí, ẹ̀yin tí ẹ ti pa irú ọ̀rọ̀ báyìí mọ́ fún ìyá yín rí, ẹ bá mi dá sí i lónìí, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Láàárọ̀ yìí, Màmá pè mí, ohùn wọn tutù, wọn ò bá mi jà rárá. Wọ́n ní kí n ṣí àpótí wọn, kí n mú aṣọ funfun tí wọ́n ti dì sísàlẹ̀ rẹ̀ tipẹ́ de ọjọ́ ikú wọn wá, kí n bá àwọn fọ̀ ọ́ kí ó lè gbẹ kí Jímọ̀ tó dé. Wọ́n fọwọ́ kan ojú mi, wọ́n rí i pé ó tutù, wọ́n nù ún, wọn ò béèrè ohunkóhun. Aṣọ náà ló wà nínú ọpọ́n níwájú mi yìí bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, mo ti bu omi, ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi, Màmá sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fetí sílẹ̀ bóyá wọ́n á gbọ́ tí mo bá ń fọ̀ ọ́. Ṣé kí n fọ̀ ọ́?